Ìtọ̀ Pupa: Bí Mo Ṣe Fura sí Oògùn Tó Gbà Mí Là

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ló ń ṣe ọ́, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí ojú rẹ ń wá kiri báyìí. O ń wo ẹni tó fún ọ lóúnjẹ lánàá, o ń wo ẹni tí ẹ jọ ń sùn nínú yàrá kan, o ń bi ara rẹ pé ta ló ṣe èyí fún mi. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fura sí ẹ̀rọ, mo fura sí ọ̀rẹ́, mo fura sí nọ́ọ̀sì. Ìfura yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kí ikọ́ tó ráyè pa mí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹlòmíì dání.

Jídé lorúkọ mi. Agége ni èmi àti màámi ń gbé, ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò kàwé jìnnà. Bí o bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ yìí, fò ó kọjá, máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Lẹ́yìn màámi, ohun tí mo fẹ́ràn jù ni eré kan tí wọ́n máa ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Sátidé, Ẹ̀yìn Géètì. Nínú eré náà, olówó kan tó ń jẹ́ Olóyè Bánjọ dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn ọmọ rẹ̀ ń retí ogún, Nọ́ọ̀sì Tìtí, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, ló sì ń tọ́jú bàbá náà. Tí eré bá ti parí, àwọn tó kù á pa tẹlifíṣọ̀n, wọn á lọ jẹun. Èmi ò ní lè jẹun. Màá máa rò ó: kí ni Tìtí ń rò nígbà tó ti ilẹ̀kùn yẹn? Kí ló dé tí dírẹ́bà ò fi lè wo ojú ìyàwó olóyè? Nígbà tí wọn ò fi hàn wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fúnra mi. Tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ fún ìsinmi ọ̀sán, màá jókòó lórí ọ̀rá tí a ti dì, màá máa fi àtàǹpàkò tẹ ìtàn sórí fóònù, màá sì jù ú sínú gúrúùpù àwa tí a fẹ́ràn eré náà. Àwọn ló sọ mí ní Bọ̀dá Àfikún, torí pé ohun tí eré fi sílẹ̀ ni mò ń fi kún un.

"Ẹ má fìyà jẹ wá o, Bọ̀dá Àfikún," ni wọ́n máa ń kọ. "Ẹ ju apá tó kàn sílẹ̀, ọbẹ̀ mi ti ń jóná torí yín!"

Èmi tí súpáfáísà kì í rántí orúkọ mi, àwọn kan ń jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná torí mi. Adùn yẹn kì í ṣe kékeré.

Ikọ́ náà wọlé wẹ́rẹ́ bí àlejò tó mọ ilé. Àárọ̀ nìkan ni mo kọ́kọ́ ń wúkọ́. Mo ní èéfín ọ̀rá ni, torí tí ọ̀rá bá jóná lẹ́nu ẹ̀rọ, òórùn rẹ̀ máa ń gún èèyàn láyà. Nígbà tó yá, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bò mí lójú oorun débi pé màámi ń sá bẹ́ẹ̀dì mi sóòrùn. Mo ní ooru ni, kò síná. Ṣòkòtò mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ́ nídìí mi, mo fi okùn so ó. Mo ní ààwẹ̀ tí màámi ní ká gbà ni. Gbogbo ara mi ló ń pariwo, èmi ń wá àwíjàre fún un. Tí ikọ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lára rẹ, má bá a wá àwíjàre kankan. Dìde, lọ ṣe àyẹ̀wò.

Kẹ́mísì àdúgbò ta oògùn ikọ́ olómi fún mi, ó dùn bí oyin, kò sì ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n màámi gbé orógbó àti àdín wá, ó dúró tì mí títí mo fi gbé àdín náà mì. Màámi fúnra wọn, tí wọ́n ti wà nínú ìjọ aláṣọ funfun kí wọ́n tó bí mi, gbé omi ìyàsímímọ́ wá nínú ìgò. Wòlíì wọn wò mí, ó di ojú, ó ní, "Ẹnì kan wà níbi iṣẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń mu nǹkan. Ṣọ́ra."

Màámi bú sẹ́kún. Èmi ò sunkún. Wáídì ni mo rántí.

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi ni ẹ̀rọ Wáídì wà. Àràárọ̀ la jọ máa ń mu tíì nínú ife kan, èmi á mu, òun á mu. Òun gan-an ló fi Ẹ̀yìn Géètì hàn mí nílé wọn. Láti ọjọ́ tí wòlíì ti sọ̀rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀, ìgbà tó ń ro ṣúgà, ìgbà tó kẹ̀yìn sí mi.

"Jídé, tíì ti ń tutù."

"Mi ò mu."

"Ṣé o ti ń gba ààwẹ̀ àwa Mùsùlùmí ni?"

"Mo ní mi ò mu."

Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. "Háà! O rò pé mo fi nǹkan sí i!" Ó gbé ife náà, ó dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Wò mí dáadáa, ṣé mo ti kú? Ìwọ tó ń wúkọ́ bí ajá tí eegun há sí lọ́fun, ṣé kì í ṣe èmi ló yẹ kí n máa sá fún ẹ?"

Àwàdà ló ń ṣe. Èmi ò rí àwàdà níbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ta sórí ọ̀rá funfun tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Kí súpáfáísà tó yíjú, Wáídì ti mú ọ̀bẹ, ó ti gé ibẹ̀, ó ti ká a.

"Wọ bàtà ẹ," ló wí. "Ilé ìwòsàn ti yá."

Mo tẹ̀ lé e, àmọ́ bí a ṣe ń lọ ni mò ń bi ara mi pé kí ló ń kán an lójú tó bẹ́ẹ̀.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni. Èrò kún orí bẹ́ńṣì, àwọn kan jókòó sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo, "Ẹ̀yin tí ẹ ń wúkọ́, ẹ bọ́ síta! Abẹ́ ìbòji ni tiyín, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́!"

Bàbá àgbà kan tó wà níwájú mi fọwọ́ tilẹ̀ dìde. "Láti àárọ̀ ni mo ti wà lórí ìlà, ẹ wá ní kí n jáde. Ṣé adìyẹ ni wá ni?"

"Bàbá, ipò yín ò sọnù. Ikọ́ yín ni kí ẹ má fún àwọn tó kù."

"Ṣé ẹnì kan wà tó fẹ́ ẹ ni? Ẹ bá mi wá a, lọ́fẹ̀ẹ́ ni màá fún un!"

Gbogbo àwa tó ń jáde bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́ fún gbogbo wa.

Wọ́n ní kí n wúkọ́, kí n tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike kékeré kan. Nígbà tí a padà lọ fún èsì, wọ́n ní ikọ́ ife ni. Nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn pe èmi àti Wáídì jókòó. Obìnrin kan tó ti dàgbà díẹ̀ ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Oògùn rẹ rèé. Oṣù mẹ́fà ni, ojoojúmọ́, o ò gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kankan. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́? Ní Èkó yìí, mà?"

"Ṣé kí n gba owó lọ́wọ́ rẹ kí ara rẹ lè balẹ̀ ni?"

Wáídì rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní kí n wá ẹnì kan tí á máa wò mí bí mo ṣe ń gbé e mì láràárọ̀. Ó ní kí àwọn tí a jọ ń gbé àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá ṣe àyẹ̀wò. Ó ní, "Ohun kan tún wà nípa ìtọ̀ rẹ." Ibẹ̀ ni fóònù ti gbọ̀n lápò mi. Mo ti ju apá tuntun sílẹ̀ láàárọ̀, àwọn ará gúrúùpù ń fèsì. Mo dorí kodò, mò ń kà. Nígbà tí mo gbójú sókè, nọ́ọ̀sì ń wò mí.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Mi ò gbọ́.

Ọjọ́ kejì tí mo lo oògùn, mo wọ ilé ìtọ̀. Ìtọ̀ mi pupa bí omi sóbò.

Iṣẹ́ tí ìtàn kíkọ kọ́ mi ni kí n mú ohun tí kò tan mọ́ra, kí n so wọ́n pọ̀ títí ẹni tó ń kà á á fi pariwo pé háà! Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo so wọ́n pọ̀. Oògùn ọ̀fẹ́ ní Èkó. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ kí ẹnì kan máa wo ọ̀fun mi bí mo ṣe ń gbé e mì. Wáídì tó fà mí lọ síbẹ̀, tó tún ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ wòlíì. Gbogbo rẹ̀ wọnú ara wọn gẹ́lẹ́. Mi ò lo oògùn náà mọ́.

Mo sọ fún màámi pé mò ń lò ó, pé kí wọ́n má ṣèyọnu àtimáa wò mí. Àràárọ̀ ni mò ń sọ hóró oògùn sínú agolo mílíìkì tó ṣófo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Omi ìyàsímímọ́ nìkan ni mò ń mu. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi ti fi ìfura rọ́pò oògùn pátápátá.

Ká ní mo fi mọ sí ara mi nìkan, ì bá sàn. Mo kọ ọ́.

Nínú eré gidi, Nọ́ọ̀sì Tìtí ò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Nínú àfikún tèmi, mo sọ ọ́ di apànìyàn. Mo kọ bí Olóyè Bánjọ ṣe wọ ilé ìtọ̀, tó rí i pé ìtọ̀ òun pupa, tó wá mọ̀ pé májèlé ni ọmọ náà ń fi ẹ̀rín fún òun. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni mo kọ sínú rẹ̀, torí náà ló ṣe wọ àwọn èèyàn lára. Gúrúùpù dàrú.

"Mo ti mọ̀! Ọmọ yẹn ti jẹ́jẹ́ jù!"

"Ìtọ̀ pupa kẹ̀! Bọ̀dá Àfikún, irun orí mi dìde!"

Wọ́n pín in káàkiri àwọn gúrúùpù míì. Kò sí ohun tí mo kọ rí tí wọ́n fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Bí ìtàn mi ṣe ń sanra ni èmi ń rù. Mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀ sílé.

Wáídì wá kí mi. Ó ti lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, ó ń wo egungun àyà mi.

"Oògùn yìí ò mà tíì ràn ẹ́ o. Ṣé ìtọ̀ ẹ ṣì ń pupa?"

Mo dìde jókòó. "Ta ló sọ fún ẹ pé ìtọ̀ mi pupa?"

"Nọ́ọ̀sì ni. Ó sọ ọ́ lójú àwa méjèèjì. Ó ní àwọ̀ oògùn ni, tó bá ti pupa, oògùn ti wọra nìyẹn, kí o má fòyà. Ìwọ ń tẹ fóònù."

Ojú mi lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wáídì wò mí títí. Ó rọra ní, "Jídé. O ò lò ó."

Màámi ń ká aṣọ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ti ń fura tipẹ́, wọ́n fa agolo náà jáde, wọ́n mì ín. Ó dún ṣaka-ṣaka.

"O ń mu omi ìyàsímímọ́ lójú mi, o wá ń tọ́jú ikú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

"Màámi, mo rò pé..."

"Má rò mọ́! Ọlọ́run ló ni omi. Ọlọ́run náà ló ni oògùn. Ọ̀kan ni wàá fi gbé ìkejì mì."

Wáídì ní ká má fọwọ́ kan èyí tó wà nínú agolo, a padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo rò pé á pariwo lé mi lórí. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó ní ikọ́ ife tí èèyàn bá fi oògùn díẹ̀ tọ́ wò, tó wá fi sílẹ̀, ṣe ló máa ń gbọ́n, ó sì lè dé ibi tí oògùn náà ò ní ràn án mọ́. Wọ́n tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi yẹ̀ wò. Orí yọ mí, oògùn náà ṣì lè ràn án. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ojú tì mí, àmọ́ mo bi í nípa ife tíì. Ó ní ikọ́ ife kì í gba inú ife, afẹ́fẹ́ ló ń gbà. "Tó bá jẹ́ pé nínú ẹ̀yin méjèèjì ẹnì kan lè kó o ran ẹnì kejì, ìwọ ni, ọ̀gbẹ́ni."

Wáídì gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni pé kò gbọ́.

Omi ìyàsímímọ́ ni mo fi ń gbé oògùn mì láti ìgbà yẹn, màámi á dúró ti ọ̀fun mi bí ẹni ń ṣọ́ olè. Mi ò ní tàn ọ́: ó le. Oògùn náà a máa rùn lọ́nà ọ̀fun, oríkèé á máa dunni. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ebi tó máa ń pa ẹni tó ń lò ó nígbà tí ara bá ń bọ̀ sípò, ìyẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó ọkọ̀ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Màámi ta ìró wọn kan. Wáídì máa ń gbé ẹyin wá, á ní adìyẹ wọn ló ń yé jù. Wọn ò ní adìyẹ.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ kan nínú gúrúùpù. Ìyá Ruká ló kọ ọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ti ń ka ìtàn mi látìbẹ̀rẹ̀. "Bọ̀dá Àfikún, Ọlọ́run á máa lò yín. Ẹ̀yin lẹ là mí lójú. Oògùn ikọ́ tí wọ́n fún mi nílé ìwòsàn, ìtọ̀ mi pupa bíi ti Olóyè. Mo ti da gbogbo rẹ̀ nù."

Àwọn èèyàn ti ń bá a yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Hóró oògùn tèmi wà lórí ahọ́n mi nígbà tí mo kà á.

Mo sọ òtítọ́ fún gúrúùpù lójú ẹsẹ̀, pé èmi náà ní ikọ́ ife, pé àwọ̀ oògùn lásán ni. Mo kọ apá tuntun, mo dá Nọ́ọ̀sì Tìtí láre. Gbọ́ èsì tí wọ́n fún mi.

"Wọ́n ti fún Bọ̀dá Àfikún lówó!"

"Wọ́n ti gba fóònù ẹ̀. Kì í ṣe òun ló kọ eléyìí."

Mi ò lè bínú sí wọn. Èmi ni mo kọ́ wọn. Àwọn kan kúrò nínú gúrúùpù. Ìyá Ruká ò dá mi lóhùn. Ẹnì kan ló sọ fún mi pé Computer Village, ọjà fóònù ní Ìkẹjà, ni obìnrin náà ti ń lẹ gíláàsì mọ́ ojú fóònù, ó sì júwe ibẹ̀ fún mi.

Mo bá a lábẹ́ agboòrùn ńlá kan, ó ń nu fóònù oníbàárà, ó ń wúkọ́ sínú ìborùn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi ni Bọ̀dá Àfikún."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ wo? Àgbàlagbà ni Bọ̀dá Àfikún. Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Èmi náà ń lo oògùn yẹn ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ló rán ẹ."

Mo rí ojú ara mi lójú rẹ̀. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ tí kò ní dà bí ẹ̀tàn. Ó gbé fóònù náà sílẹ̀.

"Tó bá jẹ́ ìwọ ni, kí ni dírẹ́bà rí lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ tí Olóyè ṣubú? O kọ ọ́ pé ó rí nǹkan, o ò sọ ọ́ fún wa títí dòní."

Kò sí ẹni tó mọ ìyẹn lágbàáyé àfi èmi. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Mo pa á dé.

"Ẹ jẹ́ ká lọ gba oògùn yín, mà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ti àkọ́kọ́ mì, màá sọ fún yín."

"Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fi ìtàn rà mí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́. Nígbà tí ikọ́ náà dáwọ́ dúró, ó ní kí obìnrin tó wà nítòsí rẹ̀ bá òun wo ọjà.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wa kan náà ló dá a lóhùn. Ó béèrè ẹni tí á máa ṣọ́ ọ bó ṣe ń lo oògùn, Ìyá Ruká sì nawọ́ sí mi. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: láràárọ̀ á gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá ń gbé e mì, á fi ránṣẹ́ sí mi. Màá gbọ́ bí omi ṣe ń lọ lọ́fun rẹ̀, lẹ́yìn náà á ní, "Mo ti gbé e mì. Ó yá, sọ̀rọ̀." Èmi á fi ìtàn ọjọ́ náà ránṣẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú gúrúùpù kì í rí. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé Olóyè ò gbọ́dọ̀ kú kí òun tó parí oògùn.

Èmi ti parí tèmi. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọn ò rí ikọ́ ife mọ́. Ṣòkòtò mi ti dúró fúnra rẹ̀, àmọ́ tí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́, mo ṣì máa ń dúró mí kanlẹ̀. Èmi ni mò ń po tíì báyìí. Tí mo bá gbé ife fún Wáídì, á kọ́kọ́ yọjú wo inú rẹ̀, á wò mí, á ní, "Ìwọ kọ́kọ́ mu." Mo máa ń mu.

Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o má fura. Mi ò rò pé ẹni tó ní àìsàn yìí lè ṣe é. Fura, àmọ́ gbé ìfura rẹ lọ bá nọ́ọ̀sì, bi í léèrè tààrà, kí o sì pa fóònù nígbà tó bá ń dáhùn. Má ṣe jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kí o máa so ó pọ̀ fúnra rẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn Ìyá Ruká ò wọlé láàárọ̀. Mo pè é, kò lọ. Mi ò rí ẹ̀rọ tó wà níwájú mi lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe ṣíwọ́ iṣẹ́, Computer Village ni mo gbà lọ. Ó jókòó sábẹ́ agboòrùn rẹ̀, ó ń lẹ gíláàsì.

"Ẹ ò fi ohùn ránṣẹ́, mà."

"Fóònù mi ló bọ́ sómi. Mo ti gbé e mì láti àárọ̀."

Mo tẹjú mọ́ ọn. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó pòṣé.

"O rò pé irọ́ ni mò ń pa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó fẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi kí n jókòó. "Ìtọ̀ mi pupa bí omi sóbò láàárọ̀ yìí. Ó yá, ibo la bá ìtàn dé?"